Ìgúnpá Sókè: Họ́kì, Òṣèlú àti Èmi ní Kánádà

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ Yorùbá sọ ní Edmonton, ní Sátidé 22 oṣù Bélú 2025. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́, àyàfi ibi tí ẹ̀rín ti dá mi dúró.

Ẹ̀yin àgbà tó wà níkàlẹ̀, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó jẹ́ pé ìrẹsì ló fà yín wá, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú òtútù, ẹ kú ìrìn inú yìnyín. Alága ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí èèyàn ṣe ń gbé ìlú òyìnbó tí kò fi sọ ilé nù. Mo ní àwọn tó mọ ìyẹn jù mí lọ pọ̀ níbí. Ohun tí mo mọ̀ ni họ́kì. Ó ní, "Họ́kì kẹ̀?" Mo ní họ́kì, àti òṣèlú tó ń gbé inú rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí ibà ń ṣe, ó ní ó dáa, kí n sáà má kọjá ìdajì wákàtí.

Oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2006 ni mo dé ìlú yìí. Ìdìbò gbogbogbòò bọ́ sí ọjọ́ 23 oṣù náà. Èmi tí mo ti ibi tí wọ́n ti ń ti ọjà pa lọ́jọ́ ìdìbò bọ̀, tí ọlọ́pàá ń dúró ní gbogbo ìkòríta, mo yáa ra búrẹ́dì pamọ́, mo jókòó sílé. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, bàbá onílé mi sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ó ní òun ti dìbò nígbà tí òun lọ ra mílíìkì. Mo ní, "Ta lẹ dìbò fún, bàbá?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bi mí bóyá ẹ̀rọ amúlégbóná mi ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìjọba yí padà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹgbẹ́ Liberal tó ti lo ọdún méjìlá kúrò, Stephen Harper àti Conservative rẹ̀ wọlé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ojú ọjọ́ nìkan ni wọ́n ń sọ nínú bọ́ọ̀sì.

Oṣù Òkúdù wá dé. Oilers, ikọ̀ họ́kì ìlú wa, tó jẹ́ pé ipò kẹjọ ni wọ́n fi rá pálá wọlé, bá ara wọn ní àṣekágbá Stanley Cup, ife họ́kì tó ga jù. Bàbá onílé mi yìí kan náà ni mo rí tó fi ọ̀dà búlúù àti àwọ̀ ọsàn kun ojú, tó ń fọn fèrè ọkọ̀ láti ibi ìdáná dé gbàgede. Ní Whyte Avenue, èèyàn gun òpó iná. Carolina na wá ní ìfigagbága keje, góòlù mẹ́ta sí ẹyọ kan. Bàbá jókòó sórí àtẹ̀gùn, ọ̀dà ojú rẹ̀ ń ṣàn bọ̀ wá sí àgbọ̀n, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé àwọn èèyàn yìí ní ohùn. Orí yìnyín ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wo eré pẹ̀lú ojú méjì, ọ̀kan fún pọ́ọ̀kì, rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá, ọ̀kan fún àwọn tó jókòó sí àga iwájú. Ohun tí mo sì ti rí ò ju ẹyọ kan lọ: ìfẹ́ tí ará Kánádà ní sí eré yìí jẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n eré náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Àlàfo àárín méjèèjì yẹn ni olóṣèlú máa ń gbà wọlé.

Àwọn kan á ní ká má fi òṣèlú bọ eré ìdárayá. Kí wọ́n wo ife náà ná. Lord Stanley tó gbé ife họ́kì kalẹ̀ ní 1892, gómìnà àgbà tí Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rán wá ni. Earl Grey, gómìnà àgbà mìíràn, ló fi Grey Cup lélẹ̀ ní 1909, èyí tí wọ́n ń du nínú bọ́ọ̀lù wọn tó rí bí ẹyin. Ilé ìjọba ni ife méjèèjì ti jáde. Ọkùnrin kan tiẹ̀ wà tó ń jẹ́ Red Kelly. Wọ́n dìbò yàn án sílé aṣòfin ní Ottawa ní 1962, síbẹ̀ ó ń gbá họ́kì fún Toronto Maple Leafs lọ, ó sì gba ife pẹ̀lú wọn nígbà tó ṣì jẹ́ aṣòfin. Ẹ fojú inú wò ó: aṣòfin tí eyín rẹ̀ lè yọ lálẹ́ kó tó wá sọ̀rọ̀ nípa ìsúná lọ́jọ́ kejì. Ken Dryden, aṣọ́lé tó gba ife mẹ́fà pẹ̀lú Montreal Canadiens, fi eré sílẹ̀ kó tó di aṣòfin ní 2004, ó sì di mínísítà. Oṣù Owewe ọdún yìí ló papò dà. Ẹni iyì ni.

Ní Montreal, eré àti òṣèlú kò tiẹ̀ ní ògiri láàárín. Ní 1955, àwọn tó ń sọ èdè Faransé ló pọ̀ jù ní ìpínlẹ̀ Quebec, níbi tí Montreal wà, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ni báńkì àti iléeṣẹ́ ńlá wà. Maurice Richard, ọmọ wọn nínú ikọ̀ Canadiens tó gbá góòlù 50 wọlé nínú ìfigagbága 50 ní sáà 1944 sí 1945, ja ìjà kan ní Boston, ó sì lu ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ eré. Ààrẹ líìgì, Clarence Campbell, elédè Gẹ̀ẹ́sì, ní kó lọ jókòó sílé títí sáà yóò fi parí. Ní ọjọ́ 17 oṣù Ẹrẹ́nà, Campbell fúnra rẹ̀ tún lọ wòran ní Forum, gbọ̀ngán Canadiens. Ẹyin àti tòmátò ló kọ́kọ́ bà á. Lẹ́yìn náà ni tajútajú bú gbàù, èrò tú jáde, wọ́n sì fọ́ gíláàsì ṣọ́ọ̀bù káàkiri Sainte-Catherine. Richard ní láti lọ sórí rédíò lọ́jọ́ kejì kó bẹ̀ wọ́n. Àwọn òpìtàn Quebec kì í fo alẹ́ yẹn tí wọ́n bá ń sọ bí àwọn Faransé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ẹ̀tọ́ wọn. Tẹ́ ẹ bá bi mí, mo rò pé Campbell ì bá ti jókòó sílé rẹ̀.

Ó tó ogójì ọdún lẹ́yìn náà kí ìlú Quebec tó pàdánù Nordiques, ikọ̀ họ́kì rẹ̀. Ní 1995 ni wọ́n tà wọ́n sí Denver. Oṣù Ọ̀wàrà ọdún kan náà ni ìpínlẹ̀ Quebec dìbò bóyá kí wọ́n ya kúrò lára Kánádà, tí "rárá" sì fi 50.58 nínú ọgọ́rùn-ún borí "bẹ́ẹ̀ ni" tó ní 49.42. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ikọ̀ tí wọ́n tà yìí gba Stanley Cup fún Denver. Winnipeg pàdánù Jets tirẹ̀ náà ní 1996. Ohun tó lé wọn lọ kò le: tíkẹ́ẹ̀tì ń wọlé ní dọ́là Kánádà, owó oṣù eléré ń jáde ní dọ́là Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wo iye tí náírà jẹ́ kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sílé, ṣé ó yẹ kí n ṣàlàyé ìyẹn fún yín? Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2000, mínísítà John Manley kéde pé ìjọba àpapọ̀ yóò ran àwọn ikọ̀ họ́kì lọ́wọ́. Ará ìlú fárígá: ilé ìwòsàn ń wá nọ́ọ̀sì, ẹ fẹ́ fowó fún mílíọ́nìà? Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Manley kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ìlú yìí.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé, síbí, torí ọgbẹ́ Edmonton ju ti gbogbo wọn lọ. Wayne Gretzky gba ife mẹ́rin fún Oilers láàárín 1984 sí 1988. Ní ọjọ́ 9 oṣù Ògún 1988, olówó ikọ̀ náà, Peter Pocklington, fi í ṣọwọ́ sí Los Angeles, ó gba mílíọ̀nù 15 dọ́là Amẹ́ríkà lé e. Gretzky bú sẹ́kún níwájú àwọn oníròyìn. Aṣòfin ẹgbẹ́ NDP kan, Nelson Riis, ní kí ìjọba dá káràkátà náà dúró. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ wo ìgbà tí ó bọ́ sí. Oṣù Bélú ọdún náà gan-an ni wọ́n dìbò lórí àdéhùn òwò òmìnira pẹ̀lú Amẹ́ríkà, tí Brian Mulroney sì wọlé. Ọjà fẹ́ ṣí bodè, ohun tó kọ́kọ́ gba bodè kọjá ni ọmọ tí a fẹ́ràn jù.

Wọ́n gbẹ́ ère Gretzky, ó gbé ife sókè orí. Ó ṣì wà níwájú gbọ̀ngán wa ní àárín ìlú. Tí àlejò bá wá láti Naijiria, ibẹ̀ ni mo máa ń mú un lọ ya fọ́tò. Ní ọdún yìí, mo kọjá níbẹ̀, mi ò dúró. Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ààrẹ Trump ń pe Kánádà ní ìpínlẹ̀ kọkànléláàádọ́ta, ó ń fi owó ibodè dẹ́rù bà wá, Gretzky sì wà níbi ìbúra rẹ̀ ní Washington bí ọ̀rẹ́. Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹnì kan lọ fi ìgbẹ́ kun ère náà. Èmi ò fọwọ́ sí ìgbẹ́ o, ẹni tó ń gba ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ ló máa gbóòórùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ronú sí i. Àwa la sọ ọ́ di àmì orílẹ̀-èdè. Òun kò bẹ̀ wá, họ́kì ló gbá. Nígbà tí a tà á ní 1988, ará California ló gbà á mọ́ra. Ní 2025, a tún ń bi í léèrè ìdí tó fi dà bí ará ibẹ̀.

Oṣù Èrèlé tó kọjá ni ìdíje orílẹ̀-èdè mẹ́rin wáyé. Ní Montreal, ní ọjọ́ 15, àwọn òǹwòran hó lé orin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Eré bẹ̀rẹ̀, ìjà mẹ́ta ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án àkọ́kọ́. Amẹ́ríkà borí, mẹ́ta sí ẹyọ kan. Ní ọjọ́ 20 a tún pàdé ní Boston fún àṣekágbá.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mo wà, nínú wíàháòsì. Sùpáfáísọ̀ wa gbé fóònù rẹ̀ ti páálí ìwé ìnura, ó ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré. Ọmọ Filipino kan wà níbẹ̀, Sikh méjì, arákùnrin Sòmálíà kan, èmi, àti òyìnbó ará abúlé kan tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, tó jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo tí mo tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nípa òṣèlú ni pé kí Alberta dá dúró tirẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún di wákàtí kan. Méjì sí méjì, wọ́n fi àfikún sí i. Connor McDavid, ọmọ Oilers wa, dá wà níwájú ilé, ó sì gbá a wọlé. Mo bá ara mi lọ́rùn òyìnbó tó fẹ́ kí Alberta dá dúró yẹn, ó ń kọrin orílẹ̀-èdè Kánádà sí mi létí, ohùn rẹ̀ ti há. Mi ò bi í léèrè nǹkan kan. Ní agogo mẹ́fà àárọ̀, olúkúlùkù gba ibi ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Lórí ti híhó lé orin, èmi ò lọ́wọ́ sí i. Àbúrò mi ń gbé ní Houston, orin yẹn làwọn ọmọ rẹ̀ ń kọ ní ilé ìwé láràárọ̀. Owó ibodè ni kí a hó lé lórí. Ẹni tó bá rò ó yàtọ̀, kó jẹ́ ká jọ sọ ọ́ lẹ́yìn oúnjẹ.

Ìgúnpá sókè! Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ, ohun tí ará Kánádà ń sọ lọ́dún yìí pé àwọn ò ní gbà fún Trump; ó wà lára fìlà, ó wà lára ife tíì. Ọ̀dọ̀ Gordie Howe ló ti wá, agbáhọ́kì ọmọ Saskatchewan tó jẹ́ pé tó o bá sún mọ́ ọn lẹ́bàá ògiri, ìgúnpá rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kí ọ. Nígbà tí Mark Carney, olórí ẹgbẹ́ Liberal, du ipò olórí ìjọba, ó lọ dúró lẹ́bàá pápá yìnyín pẹ̀lú Mike Myers aláwàdà, jẹsí lọ́rùn àwọn méjèèjì. Òun náà ti jẹ́ aṣọ́lé nígbà tó wà ní Yunifásítì Harvard, ẹni tó máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, Conservative ló ń fi àlàfo ńlá borí nínú àwọn ìwádìí èrò. Ní ọjọ́ 28 oṣù Igbe, Liberal wọlé, Pierre Poilievre, olórí Conservative, sì pàdánù àga tirẹ̀ gan-an. Mi ò lè sọ pé jẹsí ló gba ìbò náà, Trump ló ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n jẹsí náà ò dúró lásán.

Lẹ́yìn náà ńkọ́? Oṣù Òkúdù parí, Carney fagi lé owó orí tí ó yẹ kí àwọn iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà san. Oṣù Owewe bẹ̀rẹ̀, ó yọ púpọ̀ nínú owó ibodè tí Kánádà fi gbẹ̀san. Ó lè jẹ́ ọgbọ́n, ẹni tó ń bá erin ṣòwò kì í fi orí gbá a. Ohun tó bí mi nínú ni pé ẹni tó sọ fún wa pé họ́kì ni, kí ó sọ fún wa ìgbà tó di káràkátà. Doug Ford, olórí ìjọba ìpínlẹ̀ Ontario, tiẹ̀ ṣe tirẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó gbé ìpolówó jáde tó lo ohùn Ronald Reagan pé owó ibodè kò dára, Trump bínú, ó já ìjíròrò òwò sílẹ̀. Ford ní òun máa dá a dúró, àmọ́ ó kọ́kọ́ jẹ́ kó jáde nígbà World Series, nígbà tí Blue Jays ti Toronto ń gbá bọ́ọ̀lù àfigigbá pẹ̀lú Dodgers ti Los Angeles. Carney ní láti lọ tọrọ àforíjì. Blue Jays náà fìdí rẹmi ní ìfigagbága keje, ní ọjọ́ kìíní oṣù yìí, márùn-ún sí mẹ́rin. Ó ṣì ń dùn mí, ẹ jọ̀wọ́.

Tí olóṣèlú bá wọ jẹsí, ọwọ́ kejì rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ní Calgary, oṣù Igbe 2023, ó ku bí oṣù kan kí Alberta dìbò. Danielle Smith, olórí ìjọba Alberta, kéde pé ìjọba ìpínlẹ̀ yóò ná mílíọ̀nù 330 dọ́là lórí iṣẹ́ gbọ̀ngán tuntun tí Flames, ikọ̀ họ́kì Calgary, yóò máa lò. Gbogbo iṣẹ́ náà lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là, mílíọ̀nù 537 nínú rẹ̀ láti àpò ìlú Calgary. Àwọn olówó ikọ̀ náà, mílíọ̀nù 40 ni wọ́n kọ́kọ́ san, ìyókù di díẹ̀díẹ̀ fún ọdún 35. Bílíọ́nìà wà nínú wọn o! Tiwa níbí ṣí ní 2016, kí ó tó ṣí ni olówó Oilers, Daryl Katz, gbé ara rẹ̀ lọ sí Seattle ní 2012, kí a lè rí i níbẹ̀ kí a sì bẹ̀rù. Inú bí ará ìlú tó bẹ́ẹ̀ tó fi tọrọ àforíjì nínú ìwé ìròyìn. Kí owó má ṣe wá látọ̀dọ̀ ìlú ni mo fẹ́. Mo fẹ́ràn Oilers, mi ò jẹ Katz ní gbèsè.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lójú ìwòran á ní ìdí tí ikọ̀ Kánádà kankan ò fi gba ife láti 1993 ni pé Florida, Texas àti Nevada kì í gba owó orí ìpínlẹ̀ lórí owó oṣù, nítorí náà owó kan náà tóbi jù lọ́hùn-ún. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ń polówó kí ìjọba dín owó orí kù fún gbogbo ọlọ́rọ̀. Ẹ bá mi bi Toronto Maple Leafs léèrè. Wọn ò gba ife láti 1967, nígbà tí Florida ò tíì ní ikọ̀ họ́kì kankan.

Kí n wá fi ti àwa fúnra wa kún un. Ní 2019 nígbà tí Toronto Raptors gba ife bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, ẹni tó kó ikọ̀ náà jọ ni Masai Ujiri, tó dàgbà ní Zaria. Ó fẹ́ wọ pápá lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ yọ̀, ọlọ́pàá kan ní Oakland tì í sẹ́yìn, lẹ́ẹ̀mejì. Ọlọ́pàá náà tún ni ó pe ẹjọ́. Ó tó oṣù mẹ́rìnlá kí fídíò ara aṣọ ọlọ́pàá tó jáde tó fi ẹni tó kọ́kọ́ tini hàn. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń yọ ayọ̀ ife náà ní Toronto, gbogbo olóṣèlú tó wà nítòsí ló fẹ́ bá Ujiri ya fọ́tò. Mo tọ́jú èrò yẹn sọ́wọ́.

Ọmọ mi ọkùnrin ń gbá họ́kì. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ̀ ló gbà fún un. Agogo mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n máa ń fún àwọn ọmọdé ní pápá, torí àgbàlagbà ti gba alẹ́. Èmi ni mo ń so okùn bàtà náà, o gbọ́dọ̀ fà á títí ìka rẹ yóò fi funfun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọrùn ẹsẹ̀ á yẹ̀. Àlòkù ni gbogbo ẹ̀wù rẹ̀, síbẹ̀ owó tó jẹ mí ju ti owó ọkọ̀ òfuurufú mi lọ sí Èkó. Eré tí wọ́n ń pè ní ti gbogbo ará Kánádà, mo wo yíká ilé ìpààrọ̀ aṣọ, mo rí irú àwọn tó ń sanwó rẹ̀. Tí olóṣèlú kan bá fẹ́ ìbò mi nítorí họ́kì, kó kọ́ pápá kékeré sí àdúgbò wa, kó dín owó rẹ̀ kù. Mi ò nílò kó wọ jẹsí.

Ní ọjọ́ Sunday tó kọjá, DR Congo fi pẹnárítì yọ Super Eagles kúrò ní ìdíje àgbáyé. Mo mọ bí alẹ́ yẹn ṣe rí nínú ilé yín. Toronto àti Vancouver ni wọn yóò ti gbá nínú rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, Kánádà sì ti wà nínú ìdíje gẹ́gẹ́ bí onílé. Ọmọ wa kan wà nínú ikọ̀ wọn, Tani Oluwaseyi, tí wọ́n bí ní Abuja. Fikayo Tomori tí wọ́n bí ní Calgary níbí, England ló lọ gbá fún. Bí ọ̀rọ̀ jẹsí ṣe rí nìyẹn. Ọmọ mi ti ní òun fẹ́ pupa ti Kánádà, kí wọ́n kọ Oluwaseyi sẹ́yìn rẹ̀. Mo lọ wo iye tó ń jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, mo padà sínú ọkọ̀, mo jókòó fún ìgbà díẹ̀. Alága, mo rí ọwọ́ yín. Ẹ jẹ́ ká lọ jẹun.